Ẹni Tó Máa Sìn Mí Lọ Yọ Eyín

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ilé tí o háyà ò jò? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ọ̀gá rẹ ńkọ́, ṣé wọn kì í jágbe mọ́ ọ jù? Àdúrà mi ni pé kí ayọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ ṣáájú lẹ́tà yìí, kó ti bọ́ bàtà, kó ti jókòó, kó ti máa bi ọ́ pé kí lo sè. Èmi náà wà. Mo ní mo wà, ṣùgbọ́n eyín mi kan ò sí mọ́, ohun tó jẹ́ kí n máa kọ̀wé nìyẹn. Má sáré, má pariwo, jókòó ná kí o kà á tán.

Kí n tó dé orí eyín, mo pè ọ́ lórí fóònù o. Kò wọlé. Mi ò bínú. Mo rò ó pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gbé fóònù àwọn tí kò mọ̀ rí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bó bá délé tí nǹkan náà tún ń dún, ńṣe ni yóò máa ṣe é bíi kó sọ ọ́ sínú kànga. Èmi náà nígbà tí mo ń ṣe bíríkìlà, bí mo bá délé mi ò fẹ́ rí ògiri sójú. Mo wá ní kí n pè ọ́ níbi iṣẹ́, nọ́ńbà tó wà lára káàdì tí o fún mi lọ́jọ́sí. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. Ó ní kí n tẹ ení tàbí kí n tẹ èjì, mo tẹ èjì nítorí ìwọ ni ọmọ mi kejì. Ó wá sọ fún mi pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn púpọ̀, kí n jọ̀ọ́ kí n má lọ. Ọmọ mi, mo dìde dúró. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Mo dá a lóhùn pé mi ò lọ síbì kankan, mo kí i, mo bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Kò dáhùn, ó bá mi fi orin sí i, mo jókòó tì í, mo ń gbọ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó tún padà wá, ó ní kí n ṣì ní sùúrù, àwọn ò gbàgbé mi. Bá a ṣe wà nìyẹn títí owó inú fóònù fi tán. Jọ̀ọ́, bá mi wá obìnrin náà rí ní ọ́fíìsì yín, kí o sọ fún un pé bàbá ní ó ṣeun, kì í ṣe pé mo já a jù sílẹ̀, owó ló tán.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó múlé tì wá ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn pa, koríko ti ga débi tó ń yọjú wo inú fèrèsé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti fi wá sílẹ̀, èmi àti ewúrẹ́ rẹ̀ la jọ ń gbélé, Aláròyé tí ìwọ náà mọ̀, kò tíì jáwọ́ nínú ẹjọ́ rírò. Mo ti gbé ibùsùn mi wá sí yàrá iwájú nítorí yàrá ẹ̀yìn, bí mo bá húkọ́ níbẹ̀, ó máa ń dá mi lóhùn.

Eyín náà bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ẹ̀pà ni mo ń jẹ lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan kan ṣe ṣàkì lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, lọ́hùn-ún pátápátá níbi tá a ti ń lọ nǹkan. Mo rò pé òkúta ni. Mo mu omi tútù lé e, mo sì fò sókè débi tí Aláròyé fi já okùn. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè sùn. Mo fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ẹnu, ó rọlẹ̀ fún mi díẹ̀, ó tún gbéra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó kó oúnjẹ sápá kan tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jẹ níbẹ̀. Ohun tó wá le jù ni pé mi ò rí ẹni tí mo lè bi bóyá ó ti ń fà tàbí ó ṣì ń wú sí i. Mo máa ń lọ wo ara mi nínú dígí ìyá rẹ láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo ti gbàgbé bó ṣe tóbi tó láàárọ̀. Àǹfààní kan tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, nítorí náà mi ò fi bẹ́ẹ̀ yọ ẹnu náà lẹ́nu.

Olùkọ́ tó háyà ilé lápá ibi kànga ló rí mi tó ní ikú ló ń wá mi bọ̀ yìí o, kí n wọkọ̀ lọ bá dókítà eyín nílé ìwòsàn ìgboro. Mo lọ. Mo fọ fìlà mi, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí o gbàwé jáde.

Dókítà náà, ọmọdébìnrin ni, kò lè jù ọ́ lọ. Wọ́n ní àga kan níbẹ̀ tó máa ń dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, bí o bá jókòó lé e, wàá kàn rí i pé òrùlé lò ń wò. Ó gbé ọwọ́ òsì lé mi lẹ́rẹ̀kẹ́ kí orí mi má baà yí, ó tan iná sí mi lẹ́nu. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ọwọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tó parí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bá mi yẹ apá kejì wò dáadáa. Apá kejì ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ó ní wọ́n máa ya fọ́tò. Inú mi dùn, mo tún fìlà ṣe, mo ní wọ́n á fún mi ní ẹ̀dà kan fún ọ. Wọ́n gbé aṣọ wúwo kan lé mi láyà, wọ́n ní kí n deyín mọ́ nǹkan báyìí, kí n má mira, ni gbogbo wọn bá sá jáde, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo ní iná ti ràn nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má mira, mi ò mira. Ìgbà tí fọ́tò náà jáde, kò sí fìlà níbẹ̀, kò sí ojú, egungun lásán ni, dúdú àti funfun. Mo bi wọ́n pé ṣé èmi nìyí. Wọ́n ní èmi ni. Mo ní ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, ọmọ mi ò ní dá mi mọ̀.

Dókítà wá gbé eyín ńlá kan sílẹ̀, tó tó orí ọmọ ọwọ́, ó là á sí méjì bí ẹni la ìwé, ó ń fi hàn mí. Àwọn nǹkan tó sọ, ọmọ mi, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó ní eyín kọ̀ọ̀kan ló ní adé, ó ní ọrùn, ó ní gbòǹgbò. Adé ni èyí tá à ń rí lókè, ọrùn ni ibi tí ẹran ìdí eyín ti fún un mọ́ra, gbòǹgbò ni èyí tó rì sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a kì í rí. Bí wọ́n bá pé, wọ́n jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní ẹ gbà mí, adé méjìlélọ́gbọ̀n lẹ́nu èmi tí mi ò joyè rí!

Ó ní ohun funfun tó bo adé náà ló le jù nínú gbogbo ara ènìyàn, egungun ò tó o, àmọ́ bó bá ti lè fọ́, ó fọ́ gbé nìyẹn, kì í hù padà. Abẹ́ rẹ̀ lèyí tó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí kò le tó o. Lábẹ́ ìyẹn, láàárín gbùngbùn, yàrá kékeré kan wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń mọ ìrora ló ń gbé inú yàrá náà, ọ̀nà tóóró kan nínú gbòǹgbò ni wọ́n ń gbà wọlé. Mo bi í pé ta ló tún ń bá wọn gbé. Ó ní àwọn nìkan náà ni. Ó ní tèmi ti lu títí kan yàrá yẹn, ohun tó ń han mí léèmọ̀ nìyẹn. Mo ní kó fi kòkòrò tó lù ú hàn mí kí n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ní kì í ṣe irú kòkòrò tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀.

Ìgbà tó dé orí gbòǹgbò, ó ní ohun tó bò ó lára, sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń pè é. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní sìmẹ́ńtì. Ọmọ mi, mo dìde jókòó lórí àga yẹn. Mo ní ìyá mi, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sìmẹ́ńtì ni, kí lẹ ò ti sọ látàárọ̀, ààbọ̀ àpò ṣì kù nílé mi tí mo tọ́jú sábẹ́ tábìlì, kò tíì gan, mo lè lọ gbé e wá, yanrìn díẹ̀ la máa pò mọ́ ọn, ẹ ò ní náwó kankan. Ó ní Bàbá, kì í ṣe irú yẹn, inú ara lèyí ti ń jáde. Ó tún ní eyín ò lẹ̀ mọ́ egungun gírígírí bí búlọ́ọ̀kù, okùn tín-ín-rín tín-ín-rín ló so ó kọ́ sínú ihò rẹ̀, kó lè máa mì díẹ̀ tá a bá ń jẹun. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí rárá. Tí mo bá kọ́ ilé fún ènìyàn tí mo ní ó máa mì díẹ̀ tí wọ́n bá ń jẹun, ta ló máa sanwó fún mi?

Ó ní yíyọ ni yóò yọ ọ́, kò sí àtúnṣe mọ́, bí mo bá sì fi í falẹ̀, ó lè ba egungun jẹ́. Ó ní kì í ṣe òní, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ga, kí n lo oògùn, kí n padà wá, ṣùgbọ́n kí n mú ẹni tí a jọ ń gbélé dání, tó máa sìn mí lọ sílé, nítorí orí lè máa fò mí.

Mo darí sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ẹni. Alágbẹ̀dẹ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ò lè gun ọkọ̀ mọ́. Olùkọ́ ní ì bá wu òun, àmọ́ àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka àwọn ilé tó wà lójú títì wa, ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ nínú wọn kì í ṣe kékeré, mi ò rí ọ̀kan tí mo lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n ní ẹ bá mi ká lọ. Mo wá rò ó dáadáa pé kí gan-an ni dókítà wí. Ẹni tí a jọ ń gbélé ló wí. Kò kúkú ní dandan kó jẹ́ ènìyàn.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wẹ Aláròyé, mo so okùn tuntun mọ́ ọn lọ́rùn, a wọkọ̀. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ewúrẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé, mo ní kó lọ bi dókítà, òun ló ránṣẹ́ pè é. Bí a ṣe wọ ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ẹ̀rín bẹ́. Àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú gan-an ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n ń ké yéè. Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀. Dókítà jáde wá, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé Bàbá, ṣé kò sí ẹlòmíràn ni. Mo ní àwa méjì náà ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó la ẹnu Aláròyé, ó ní kí n wá wò ó: ewúrẹ́ ò ní eyín iwájú lókè! Ẹran líle kan ló wà níbẹ̀, tìsàlẹ̀ ló ń gbá mọ́ ọn tó fi ń já koríko. Ó ní àwa ènìyàn la ní èyí tí a fi ń gé níwájú, èyí tó ṣonṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń ya ẹran, àti èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́yìn tí a fi ń lọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá ẹran yìí gbé, tó ń rojọ́ sí mi létí, mi ò wo ẹnu rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní wọn ò lè gbà á, kí n máa lọ sílé. Mo ti mú okùn, mo ti ń yí padà, nígbà tí ìyá kan sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Aránṣọ ni wọ́n, wọ́n fi gèlè di ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni di ẹrù, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn náà wá, ilé ìwòsàn dá àwọn padà, nítorí àwọn ò mú ẹnikẹ́ni dání, ọ̀sẹ̀ yìí náà àwọn ò sì rí ẹni mú. Wọ́n ní bí bàbá eléwúrẹ́ yìí bá lè sin àwọn délé, àwọn náà á sìn wọ́n. Nọ́ọ̀sì ní irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí. Dókítà ní ó ti ṣẹlẹ̀ nísinsìnyí.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Abẹ́rẹ́ náà dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ẹnu mi di ti ẹlòmíràn. Ó fi ẹ̀mú dì í mú, ó ń mì í síwá sẹ́yìn kí okùn tín-ín-rín wọ̀nyẹn lè tú, ó ró gbì nínú orí mi, ó jáde. Ó gbé e sínú abọ́ fún mi wò. Gbòǹgbò méjì ló ní, ó ya ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbáńgbá. Ìyá aránṣọ na ọrùn wò ó, wọ́n ní ṣòkòtò ọmọdé gan-an ni, ẹni tó gé e kò mọ̀ ọ́n gé. Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀jẹ̀ ń dà sí mi láyà. Ìgbà tó kan àwọn náà, wọ́n gbé àpò wọn fún mi dì mú. Mo dì í mú lórí itan mi títí wọ́n fi jáde.

Bí a ṣe padà, òwú ló kún ẹnu àwa méjèèjì, a ò lè sọ̀rọ̀, Aláròyé ló ń bá wa sọ gbogbo rẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo sìn wọ́n dé yàrá wọn, tí kò jìnnà sí ilé wa. Maṣíìnì wọn wà lójú fèrèsé, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó bí ẹni tó ń sùn. Àwọn náà tún dìde, wọ́n nàka sí mi àti sí ọ̀nà pé àwọn máa sìn mí délé, nítorí àdéhùn ni àdéhùn. Mo júwọ́ pé kí wọ́n jókòó. Wọ́n kọ̀. A tún jọ rìn dé ibí.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá wò mí bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dá. Wọ́n ní kí n la ẹnu, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Mo gba tọ́ọ̀ṣì náà, mo wo tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, yóò rí arúgbó méjì lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń yọjú wo ẹnu ara wọn lọ́sàn-án gangan. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, títí ọgbẹ́ náà fi jinná, ó sì ti jinná tán kí a tó dẹ́kun wíwò ó. Wọ́n bá mi rán létí fìlà mi tó ti já. Wọ́n mọ ìtàn sọ. Wọ́n bi mí nípa ìyá rẹ, mo sọ fún wọn.

Ọmọ wọn ọkùnrin ló wá gbé wọn. Ó ní ìyá òun ò lè máa dá gbé mọ́ o, ọjọ́ tí òun gbọ́ pé wọ́n dá lọ yọ eyín, òun ò lè jẹun. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja. Ó gbé maṣíìnì sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ síwájú. Wọ́n júwọ́ sí mi. Mo dúró síbẹ̀ títí eruku fi sọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín, ni mo bá rẹ́rìn-ín, mo fa okùn Aláròyé, a wọlé.

Mo padà lọ fi ibẹ̀ han dókítà. Ó ní ó jinná dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Ó ní eyín òkè tó máa ń bá èyí tó lọ pàdé, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí kò rí ẹni tó ń kàn mọ́. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà, àwọn náà á máa tẹ̀ sí ibẹ̀. Ó ní bí eyín ṣe rí nìyẹn. Ó wá ní òun fẹ́ kọ́ afárá sí mi lẹ́nu. Mo ní sórí odò wo? Ó ní orí àlàfo yẹn ni, eyín àtọwọ́dá kan tí yóò fẹ̀yìn ti aládùúgbò rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Mo ní ìyẹn yé mi, ìyẹn ni ìkọ́lé. Ó ní kí n tún mú ẹnì kan dání lọ́jọ́ náà. Ó rọra sọ ọ́, kò wo ojú mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, owó afárá ni mo fẹ́ kí o bá mi wá. Iye rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí, dókítà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Olùkọ́ ní o lè fi ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo yẹ fóònù yìí wò yíká, ihò tó wà lára rẹ̀ ò gbà ju abẹ́rẹ́ lọ, owó tó bá gba ibẹ̀ wọlé á ti fún pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi. Má fi sínú fóònù o. Má fi rán awakọ̀, wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan. Báńkì ní kí n fi ìka tẹ̀wé, wọ́n ní ìka mi ò yọ mọ́, pé sìmẹ́ńtì ti jẹ ẹ́. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi gbé e wá. Bí owó ọkọ̀ rẹ bá máa jẹ́ kí owó afárá dín, jẹ́ kó dín. Bó bá jẹ ẹ́ tán pátá, wá bẹ́ẹ̀, mo lè máa fi apá òsì jẹun.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ní ìwọlé. O ò ní rí ibi. Ẹnu rẹ ò ní gbẹ, ọwọ́ rẹ ò ní ṣófo, wàá rí ẹni kí ọ káàbọ̀ níbikíbi tí o bá sùn. Ohun tó bá ń dùn mí, kò ní dun ìwọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ti sọ fún dókítà pé o ń bọ̀.